Èémí Lábẹ́ Omi: Bí A Ṣe Ń Wá Àbùkù Inú Régúlétọ̀ Òmùwẹ̀

  

 Ẹ̀kọ́ tí a gbé wá lọ́dún yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọ́n lè bèèrè pé: kí ni ó pa ilé-kéwú pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ tí òmùwẹ̀ ń fi sẹ́nu? Ìdáhùn wa kò jìnnà. Ní Awoyaya tí a wà yìí, òkun wà ní gúúsù wa, ọ̀sà sì wà ní àríwá. Lórí ọ̀sà Èkó, ó ti pẹ́ tí àwọn ọkùnrin ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ láti kó yanrìn tí a fi ń kọ́ ilé. Wọn kò ní ẹ̀rọ kankan, èémí inú àyà wọn nìkan ni wọ́n gbójú lé. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí èbúté ọkọ̀ òkun ńlá ti Lẹ́kìí, ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà ni wọ́n sì ṣí ilé ìfọpo Dangote. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí wa ni àwọn méjèèjì wà. Ibi tí ọkọ̀ òkun ńlá àti páìpù abẹ́ omi bá wà, iṣẹ́ òmùwẹ̀ kò ní ṣàìsí níbẹ̀. Ọmọ tí ó ń ka álífù lọ́dọ̀ wa lónìí lè di ẹni tí yóò máa wọ omi fún iṣẹ́ lọ́la.

Ìdí kejì ni pé Al-Kùránì kò fi ọ̀rọ̀ òmùwẹ̀ pamọ́. Nínú Súrà Sọ́ọ̀d, àáyà 37, àti nínú Súrà Al-Anbiyā', àáyà 82, Ọlọ́hun sọ fún wa nípa àwọn tí ń rì wọ omi fún iṣẹ́ lábẹ́ àṣẹ Ànábì Sulaymān. Nínú Súrà An-Naḥl, àáyà 14, Ó ka ẹran tútù inú òkun àti ohun ọ̀ṣọ́ tí a ń yọ jáde láti inú rẹ̀ mọ́ àwọn ìdẹ̀ra tí Ó ṣe fún wa. Ìdí kẹta ni pé àwọn onímọ̀ wa, bíi Imām al-Ghazālī, ka ohun márùn-ún tí Sharia wá láti dáàbò bò: ẹ̀sìn, ẹ̀mí, làákàyè, ìran àti dúkìá. Ẹ̀mí ni ó wà ní ipò kejì. Ẹni tí ó bá kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ èémí, ọ̀kan nínú àwọn ohun tí Sharia fẹ́ ni ó ń kọ́ yẹn.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ LÁRÚBÁWÁ INÚ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ

Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí sínú ìwé yín.

1. Ghawwāṣ: òmùwẹ̀. Ó wà lórí òṣùwọ̀n faʿʿāl, gẹ́gẹ́ bí najjār tí í ṣe káfíńtà, àti khabbāz tí í ṣe oníbúrẹ́dì. Òṣùwọ̀n yìí ni Lárúbáwá fi ń pe ẹni tí ó sọ nǹkan di iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré.

2. Nafas: èémí. Ẹ fi í wé nafs, tí í ṣe ẹ̀mí tàbí ara ẹni. Lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni wọ́n ní: nūn, fā', sīn. Ẹ wò ó bí Yorùbá náà ṣe jẹ́ kí èémí àti ẹ̀mí jọ ara wọn.

3. Tanaffus: mímí, ìyẹn ni kí a fa èémí sínú kí a sì tú u jáde.

4. Munaẓẓim: ohun tí ń fi nǹkan sí ètò. Láti inú gbòǹgbò kan náà ni a ti rí niẓām, tí í ṣe ètò. Orúkọ yìí ni Lárúbáwá ń pe régúlétọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ètò yìí sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ẹ̀kọ́ wa òní dúró lé.

TA NI Ó KỌ́KỌ́ RONÚ SÍ I?

Ní ìlú Baghdad, ní nǹkan bíi ọdún 850, àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta kan tí à ń pè ní Banū Mūsā kọ ìwé kan lórí àwọn ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n. Kitāb al-Ḥiyal ni orúkọ rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àlàyé ohun èlò kan tí ẹni tí ó bá fẹ́ wọ kànga tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti bàjẹ́ yóò fi máa mí afẹ́fẹ́ rere. Wọ́n tún ṣàlàyé ohun èlò tí a fi lè gbé nǹkan jáde láti ìsàlẹ̀ omi. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn Mùsùlùmí àtijọ́.

Èyí tí àwọn òmùwẹ̀ ń lò lóde òní, ilẹ̀ Faransé ni ó ti jáde ní ọdún 1943, nígbà ogun àgbáyé kejì. Ọkùnrin ológun ojú omi kan, Jacques-Yves Cousteau, àti ẹnjiníà kan, Émile Gagnan, ni wọ́n ṣe é. Epo mọ́tò wọ́n gógó nígbà náà, àwọn mọ́tò kan sì ń fi gáàsì rìn. Gagnan ní fáàfù kan tí ó ń wọn gáàsì fún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Fáàfù yẹn ni wọ́n tún ṣe tí ó fi di ohun tí ènìyàn lè fi mí lábẹ́ omi.

BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ìyá tí ó ń fi gáàsì dáná mọ régúlétọ̀. Òun ni orí tí a dè mọ́ sìlíńdà gáàsì kí a tó fi rọ́bà fà á lọ sídìí ààrò. Gáàsì inú sìlíńdà ń tì pẹ̀lú agbára. Bí ó bá jáde bẹ́ẹ̀ lọ sídìí iná, ilé lè jó. Régúlétọ̀ ni ó ń rọ agbára yẹn sílẹ̀ títí tí iná fi ń jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ti òmùwẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, àfi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ń rọ agbára sílẹ̀.

Bar ni a fi ń wọn agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì. Afẹ́fẹ́ inú táyà mọ́tò kékeré jẹ́ bíi bar 2 àti díẹ̀. Sìlíńdà òmùwẹ̀ tí ó kún jẹ́ nǹkan bíi bar 200. Àyà ènìyàn kò lè gba èyí. Nítorí náà, a pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà méjì. Apá kìíní ni irin tí a dè mọ́ ẹnu sìlíńdà. Ó ń rọ bar 200 sílẹ̀ sí nǹkan bíi bar 9 tàbí 10 ju agbára omi tí ó yí òmùwẹ̀ ká lọ. Rọ́bà ni ó gbé e láti ibẹ̀ lọ sí apá kejì, èyí tí òmùwẹ̀ ń fi eyín há. Inú apá kejì ni awọ rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà, tí a nà bí awọ ìlù. Bí òmùwẹ̀ bá fa èémí, awọ náà yóò tẹ̀ sínú, yóò ti ọ̀pá kékeré kan, ọ̀pá náà yóò sì ṣí fáàfù. Bí ó bá dáwọ́ fífà dúró, awọ yóò padà sí ipò rẹ̀, fáàfù yóò tì. Bí ó bá mí jáde, èémí yóò gba inú ìdérí rọ́bà kékeré kan bọ́ sínú omi. Ìdérí yìí ń ṣí sóde nìkan, kì í ṣí sínú.

Kí ni ìdí tí afẹ́fẹ́ fi gbọ́dọ̀ bá agbára omi dọ́gba? Ìdí ni pé omi ń tẹ àyà wa. Ẹ wo ìṣirò yìí:

Lójú omi: bar 1.
Ní mítà 10: bar 2.
Ní mítà 20: bar 3.
Ní mítà 30: bar 4.

Bí sìlíńdà bá gba lítà 12, tí a sì kún un dé bar 200, lítà 2,400 afẹ́fẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá ń mí lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lójú omi, ìṣẹ́jú 120 ni yóò lò ó. Ní mítà 30, ìlọ́po mẹ́rin ni yóò máa mí, ìyẹn lítà 80 ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú 30 péré ni yóò tó o, láìtíì yọ èyí tí ó yẹ kí ó fi pamọ́ fún bíbọ̀. Nítorí náà, àbùkù tí a lè fojú fò lójú omi di ìlọ́po mẹ́rin ní ìsàlẹ̀.

ÈTÒ TÍ A FI Ń WÁ ÀBÙKÙ

Nígbà tí èémí bá le, ohun àkọ́kọ́ tí ara ènìyàn ń sọ fún un ni pé kí ó fà á kíkankíkan sí i. Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ìmọ̀ràn burúkú ni. Fífà kíkankíkan kì í tún ẹ̀rọ ṣe, ńṣe ni ó ń rẹ ẹni tí ń fà á. Ohun tí ó yẹ ni kí a bèèrè pé: níbo ni èémí ti ń di? Kí a sì tọ̀ ọ́ láti orísun wá sí ẹnu, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí omi ẹ̀rọ kò dé ilé ìdáná rẹ̀ ti ń kọ́kọ́ wo táǹkì, lẹ́yìn náà páìpù, kí ó tó tú ẹnu ẹ̀rọ palẹ̀. Ètò náà nìyí: sìlíńdà, apá kìíní, rọ́bà, apá kejì, lẹ́yìn náà ènìyàn fúnra rẹ̀.

Orí ilẹ̀ ni a ti ń ṣe àyẹ̀wò yìí, kí òmùwẹ̀ tó wọ omi. Ohun méjì ni ó gba ìṣẹ́jú díẹ̀ tí kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Àyẹ̀wò kìíní: ṣí sìlíńdà tán pátápátá. Fi ẹ̀rọ sẹ́nu, kí o wo géèjì, kí o sì mí jinlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Abẹ́rẹ́ géèjì gbọ́dọ̀ dúró. Bí ó bá ń rẹlẹ̀ nígbà tí o fà, tí ó tún gbéra padà nígbà tí o dáwọ́ dúró, afẹ́fẹ́ kò ráyè jáde dáadáa láti orísun. Bí abẹ́rẹ́ bá dúró ṣinṣin ṣùgbọ́n tí èémí le, wàhálà náà wà níwájú.

Àyẹ̀wò kejì: ti sìlíńdà, tẹ bọ́tìnì iwájú apá kejì kí afẹ́fẹ́ inú rọ́bà tán. Nísinsìnyí, fa èémí. Kò yẹ kí ohunkóhun wọlé. Bí o bá rí afẹ́fẹ́ fà, ihò wà níbì kan, ibi tí afẹ́fẹ́ bá sì ti wọlé lórí ilẹ̀ ni omi yóò gbà wọlé nísàlẹ̀.

ÀWỌN ÀBÙKÙ ÀTI OHUN TÍ Ń FÀ WỌ́N

1. Èémí le láti fà. Kọ́kọ́ wo sìlíńdà: ṣé ó ti fẹ́ tán? Ṣé a ṣí i tán, àbí díẹ̀ ni a ṣí? Lẹ́yìn èyí, wo asẹ́ kékeré tí ó wà lẹ́nu apá kìíní. Bí omi òkun bá ti gba ibẹ̀ wọlé, iyọ̀ yóò dí i, asẹ́ náà yóò sì di aláwọ̀ ewé. Bí ó bá pọ́n bí ìpẹtà, inú sìlíńdà onírin ni ó ti ń dógùn-ún. A kò gbọdọ̀ kàn fọ irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ kí a dá a padà. Sìlíńdà fúnra rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, nítorí asẹ́ wulẹ̀ ń jẹ́rìí ohun tí ó rí ni. Bí ibi méjì yìí bá dára, ó lè jẹ́ pé apá kìíní ń rọ agbára sílẹ̀ jù, tàbí pé a ti dè apá kejì le jù. Àwọn apá kejì kan ní kọ́bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a fi ń mú un le tàbí rọ̀. Yí i wò kí o tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi.

2. Afẹ́fẹ́ ń tú jáde fúnra rẹ̀. Ìwọ kò fà á, síbẹ̀ ó ń hó yaa. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ já sínú omi, yí ẹnu rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, tàbí kí o fi ìka dí i, ó sábà máa ń dáwọ́ dúró. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ó lè jẹ́ yanrìn ni ó há mọ́ bọ́tìnì. Omi ọ̀sà wa kún fún yanrìn àti ẹrẹ̀. Bí kò bá jẹ́ yanrìn, rọ́bà ìjókòó fáàfù lè ti jẹ. Ti apá kìíní ni ó léwu jù: bí ìjókòó fáàfù rẹ̀ bá ti jẹ, kò ní lè dá bar 200 dúró mọ́. Agbára inú rọ́bà yóò máa gun òkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ṣí apá kejì tipátipá. Aláṣẹ iṣẹ́ yìí ní géèjì tí ó fi ń mọ̀ ọ́n: lẹ́yìn tí a bá ti mí, abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ dúró sójú kan. Bí ó bá ń gùn, àbùkù ti fara hàn. Ní àwọn ìlú olótùútù bíi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yìnyín náà lè há fáàfù ní ṣíṣí sílẹ̀. Àwọn ará wa tí ó wà níbẹ̀ kí wọ́n fi èyí sọ́kàn. Omi tiwa kò tutù tó bẹ́ẹ̀.

3. Omi ń wọlé mọ́ èémí. Kọ́kọ́ wo rọ́bà tí eyín ń há: bí eyín bá ti gé e, omi yóò gba ibẹ̀. Lẹ́yìn náà wo ìdérí rọ́bà tí èémí ń gbà jáde. Irun orí kan ṣoṣo tàbí hóró yanrìn kan tó láti má jẹ́ kí ó tì. Lẹ́yìn náà ni awọ inú: bí ó bá lu, àyẹ̀wò kejì tí a sọ lókè yóò fi hàn.

4. Èémí le láti tú jáde. Èyí kò wọ́pọ̀. Ẹ̀rọ tí ó ti pẹ́ nínú àpótí ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù. Ìdérí rọ́bà rẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ ibi tí ó jókòó sí. Kí a má ṣe fi í ṣeré, nítorí ẹni tí kò lè tú èémí jáde kò ní lè fa òmíràn.

5. Ẹ̀rọ dára, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ burú. Ẹ fetí sí èyí dáadáa, ẹ̀yin òbí, nítorí pé ó kan gbogbo ilé tí ó ní jẹnẹrétọ̀. Bí a bá gbé ẹ̀rọ tí ń kún sìlíńdà sí ibi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ tàbí ti mọ́tò ti lè dé, yóò fa èéfín náà sínú sìlíńdà. Gáàsì olóró tí ó wà nínú irú èéfín bẹ́ẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ó ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Òun náà ni ó ń pa àwọn tí ó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ nínú ilé tí a tì pa. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ sìlíńdà bá ń rùn bí epo, dà á nù. Kò sí régúlétọ̀ tí ó lè sọ afẹ́fẹ́ burúkú di rere.

6. Ẹ̀rọ dára, afẹ́fẹ́ dára, ènìyàn ni kò dára. Nígbà tí òmùwẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ agbára nísàlẹ̀, tàbí tí ẹ̀rù bá mú un, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mí kúkúrú kúkúrú bí ẹni tí ó sáré. Èémí tí ó ti lò kò ní jáde tán nínú àyà rẹ̀. Ògbólógbòó èémí yìí ni ó ń mú kí ó rò pé afẹ́fẹ́ kò tó, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ní mítà 30, afẹ́fẹ́ wúwo ní ìlọ́po mẹ́rin ti ojú omi, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣòro fún àyà láti tì í síta. Oògùn rẹ̀ ni kí ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró, kí ó di nǹkan mú, kí ó tú èémí jáde tán pátápátá, kí ó sì fa òmíràn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Èyí ni a fi sí ìgbẹ̀yìn nínú ètò wa. Kì í ṣe pé kò wọ́pọ̀. Ìdí ni pé ẹni tí kò bá yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò tẹ́lẹ̀ kò ní mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ni tàbí ọkàn rẹ̀. Ẹni tí ó ti yẹ̀ ẹ́ wò, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

BÍ ÀBÙKÙ BÁ FARA HÀN LÁBẸ́ OMI

Abẹ́ omi kì í ṣe ibi àtúnṣe. Ohun mẹ́ta ni òmùwẹ̀ ní láti ṣe. Kí ó fi ọwọ́ ṣe àmì fún ẹnì kejì rẹ̀. Kí ó gba apá kejì tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹnì kejì náà, nítorí pé òmùwẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ ń gbé méjì dání, kì í sì í dá wọ omi. Kí wọ́n jọ máa gòkè díẹ̀díẹ̀, nǹkan bíi mítà 9 ní ìṣẹ́jú kan, kí ó má sì ṣe sé èémí rẹ̀ mọ́lẹ̀ rárá. Ẹ rántí ìṣirò wa: afẹ́fẹ́ tí ó kún àyà ní mítà 10 yóò di ìlọ́po méjì nígbà tí ó bá dé ojú omi. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde, àyà ni yóò bẹ́.

Àpẹẹrẹ kan wà ní orílẹ̀-èdè wa tí gbogbo ayé gbọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ ojú omi kan tí à ń pè ní Jascon-4 dojú dé nínú òkun nítòsí Escravos ní Ìpínlẹ̀ Delta. Ènìyàn 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ náà rì dé nǹkan bíi mítà 30. Alásè ọkọ̀ náà, Harrison Okene, rí ibì kan tí afẹ́fẹ́ há sí nínú ọkọ̀, ó sì wà níbẹ̀ nínú òkùnkùn fún nǹkan bíi wákàtí 60, ó ń gbàdúrà ní ọ̀nà ẹ̀sìn tirẹ̀. Àwọn òmùwẹ̀ tí wọ́n rán wá láti gbé òkú ni wọ́n bá a láàyè. Òun nìkan ni ó yè nínú àwọn 12 náà.

Ẹ wo ohun tí àwọn òmùwẹ̀ náà ṣe. Ojú omi kò ju mítà 30 lọ sókè orí wọn, wọn kò sì fà á gòkè kíá. Wọ́n fi ìbòrí tí ó ní afẹ́fẹ́ dé e lórí, wọ́n mú un wọ inú ilé irin tí àwọn òmùwẹ̀ fi ń gòkè sọ̀kalẹ̀, láti ibẹ̀ lọ sínú yàrá kan tí a ti ń dín agbára afẹ́fẹ́ kù díẹ̀díẹ̀. Ó tó ọjọ́ méjì tí ó lò níbẹ̀. Ìdí ni pé lẹ́yìn wákàtí 60 lábẹ́ bar 4, afẹ́fẹ́ ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara rẹ̀. Bí a bá ṣí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò lójijì, ẹ ti rí bí ó ṣe ń hó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ì bá ṣe. Ètò ni ó mú un bọ̀ láàyè lẹ́yìn àánú Ọlọ́hun. Nígbà tí ó yá, ọkùnrin yìí kan náà lọ kọ́ iṣẹ́ òmùwẹ̀, ó sì ń ṣe é. Ẹni tí ó bá ka ìtàn rẹ̀ yóò rántí Ànábì Yūnus nínú òkùnkùn ikùn ẹja, yóò sì mọ̀ pé kò sí ibi tí Ọlọ́hun kò ti lè gbọ́ ẹni tí ó bá ké pè É.

FÚN ÀWỌN TÍ KÒ NÍ RÉGÚLÉTỌ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń lúwẹ̀ẹ́ ní ọ̀sà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òun lè fi rọ́bà gígùn tí òkè rẹ̀ wà lójú omi mí nísàlẹ̀. Omi ń tẹ àyà, afẹ́fẹ́ òkè kò sì ní agbára tí yóò fi tì í padà. Kí ó tó dé mítà 1, mímí ti di ogun. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe gba afẹ́fẹ́ láti inú ẹ̀rọ tí àwọn fọkanáísà fi ń fún táyà. Wọn kò ṣe é fún àyà ènìyàn: epo àti èéfín lè wà nínú rẹ̀. Bákan náà, ẹni tí ó bá ń mí kíákíá lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó rì, kí ó lè pẹ́ nísàlẹ̀, lè dákú sínú omi láìrí àmì kankan tẹ́lẹ̀. Ọlọ́hun ti kọ̀ fún wa nínú Súrà Al-Baqarah, àáyà 195, pé kí a má ṣe fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun.

ÌTỌ́JÚ

Bí òmùwẹ̀ bá ti jáde nínú omi, kí ó gbẹ ìdérí ẹnu apá kìíní, kí ó dè é padà kí omi má baà wọlé. Kí ó fi omi tútù tí kò ní iyọ̀ fọ ẹ̀rọ náà dáadáa. Kí ó má ṣe tẹ bọ́tìnì iwájú nígbà tí ó bá ń fọ̀ ọ́ láìsí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, nítorí omi yóò gba inú rọ́bà lọ sí apá kìíní. Kí ó sá a sí abẹ́ òjìji, kí ó má ṣe sá a sínú òòrùn. Kí ó má ṣe fi epo mọ́tò tàbí gírísì ọjà kùn ún, nítorí epo àti afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ pọ̀ lè gbiná. Lọ́dọọdún, tàbí bí ẹni tí ó ṣe é bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó gbé e lọ fún ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀. Wíwá àbùkù jẹ́ iṣẹ́ gbogbo òmùwẹ̀, ṣùgbọ́n títú ẹ̀rọ palẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Al-Kùránì ti pa wá láṣẹ nínú Súrà An-Naḥl, àáyà 43, pé kí a bi àwọn onímọ̀ bí a kò bá mọ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Ọlọ́hun ni ó ń ṣọ́ ni, kí ni gbogbo àyẹ̀wò yìí?" Òótọ́ ni pé Ọlọ́hun ni ó ń ṣọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ti kọ́ hádíìsì tí at-Tirmidhī gbà wá, nípa ẹni tí ó bèèrè bóyá kí òun so ràkúnmí òun tàbí kí òun fi sílẹ̀ kí òun gbára lé Ọlọ́hun. Ànábì ní kí ó so ó, kí ó sì gbára lé Ọlọ́hun. Àyẹ̀wò ẹ̀rọ ni okùn ràkúnmí òmùwẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Sọ òṣùwọ̀n tí ghawwāṣ wà, kí o sì mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta mìíràn wá lórí òṣùwọ̀n náà.
2. Abẹ́rẹ́ géèjì ń rẹlẹ̀, ó ń gbéra bí òmùwẹ̀ ti ń mí. Níbo ni àbùkù wà?
3. Sìlíńdà lítà 10 kún dé bar 200. Ẹni tí ó ń mí lítà 20 lójú omi, ìṣẹ́jú mélòó ni yóò lò ó ní mítà 10?
4. Kí ni ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ sé èémí mọ́lẹ̀ bí a ti ń gòkè?
5. Ka ohun márùn-ún tí Sharia wá láti dáàbò bò. Èwo ni ẹ̀kọ́ yìí kàn jù?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó wúlò, kí Ó ṣọ́ àwọn tí ń wá jíjẹ mímu wọn lórí omi àti lábẹ́ omi, kí Ó mú gbogbo wọn padà dé ilé láyọ̀. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí èémí wa di àfi ní ọjọ́ tí Òun fúnra Rẹ̀ bá pè wá. Āmīn.